Àyẹ̀wò ìṣòro iná àti àìsítáàtì sikútà

Àyẹ̀wò ìṣòro iná sikútà ni iṣẹ́ tí mẹkáníìkì, rewáyà tàbí ẹni tó ni ọkọ̀ máa ń ṣe láti mọ ohun tó fà á tí sikútà fi kọ̀ láti sítáàtì, tí iná rẹ̀ fi ń kú lójijì, tàbí tí bátìrì rẹ̀ fi ń gbẹ láìnídìí. Sikútà jẹ́ alùpùpù tí ẹni tó gùn ún ń gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pèpéle iwájú ìjókòó, tí àwo irin tàbí ike sì bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Vespa, tí ilé-iṣẹ́ Piaggio gbé jáde ní Pontedera ní Ítálì ní 1946, ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlú-mọ̀ọ́ká. Nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń pe gbogbo sikútà ní fẹ́sípà. Ìbora yẹn náà ló ń dá rewáyà lágara. Wáyà tó hàn gbangba lára ọ̀kadà, abẹ́ ike ló wà lára sikútà, èèyàn á sì ti tú ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì kó tó fojú kàn án.

Sikútà tó ń lo ẹ́ńjìnnì GY6, ti 125 àti 150 cc, ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀wò jù. Orí iṣẹ́ Honda ti Jápáànù ni wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà kà, àwọn ilé-iṣẹ́ Táíwàn àti Ṣáínà sì ń ṣe é lábẹ́ oríṣiríṣi orúkọ. Sílíńdà kan ló ní, fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, bẹ́líìtì ló sì ń gbé agbára rẹ̀ lọ sí táyà ẹ̀yìn. Nítorí bẹ́líìtì yìí, títì kì í jẹ́ kó sítáàtì bíi ti ọ̀kadà: bí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì ṣiṣẹ́, táyà ẹ̀yìn kò lè yí i. Bọ́tìnnì tàbí kíìkì ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ọ̀nà.

Ṣé ó ń yí, àbí kò yí?

Ohun àkọ́kọ́ tí a ní láti mọ̀ ni bóyá ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Bí kò bá yí rárá, ọ̀dọ̀ bátìrì, rìléè (súìṣì oníná tó ń gbé iná bátìrì lọ sí sítátà), sítátà (mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì) àti súìṣì tó so wọ́n pọ̀ ni ẹjọ́ wà. Bó bá ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbaná, bátìrì àti sítátà ti ṣe tiwọn. Plọ́ọ̀gì, CDI (àpótí kékeré tó ń darí ìgbà tí plọ́ọ̀gì ń ta iná), epo tàbí fáàfù ló kù láti wò. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá pa wọ́n pọ̀ ló ń ra plọ́ọ̀gì tuntun fún ọkọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti kú.

Iná iwájú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Lára ọ̀pọ̀ GY6, inú kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì (wáyà tí wọ́n ká jọ, tó ń pèsè iná bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí) ni iná iwájú ti ń gba agbára, kì í ṣe inú bátìrì, nítorí náà kò ní tàn àfi bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́. Fèrè, iná bírékì àti tíráfíkétọ̀ ni bátìrì ń bọ́. Àwọn la fi ń mọ̀ bóyá iná wà.

Bátìrì

Bátìrì 12 fólítì ni sikútà wọ̀nyí ń lò. Bí a bá fi mítà tó ń wọn iná kàn án nígbà tí ọkọ̀ ti sinmi fún wákàtí mélòó kan, 12.6 sókè fi hàn pé ó kún, 12.4 ti dín díẹ̀. Bó bá ti já sí 12.0, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìsinmi yìí máa ń tanni jẹ. Bátìrì tó ti gbó lè fi 12.6 hàn, kó sì ṣubú sí 7 tàbí 8 ní kété tí sítátà bá fa iná lára rẹ̀. Àyẹ̀wò tó tẹ̀wọ̀n ni pé kí mítà wà lórí bátìrì bí a ṣe ń tẹ bọ́tìnnì: bó bá ń já sísàlẹ̀ 9.6, bátìrì náà kò lágbára mọ́. Ẹ gba iná sí i tán kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́.

Kí a tó sọ bátìrì nù, ó yẹ ká wo orí rẹ̀ méjèèjì. Ìyẹ̀fun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó máa ń hù níbẹ̀ ń dí iná lọ́nà, nọ́ọ̀tì tí kò fún dáadáa náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wáyà nẹ́gétíìfù tó wọnú bọ́dì ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé jù. Ẹ fi ọwọ́ mítà kan kan orí nẹ́gétíìfù bátìrì, kí ẹ fi èkejì kan irin ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnnì. Bí mítà bá fi ju bí ìdajì fólítì lọ hàn, iná ń sọnù lọ́nà: ìpẹtà tàbí ọ̀dà ló wà lábẹ́ ibi tí wọ́n ti de wáyà náà mọ́ irin.

Láti kọ́kọ́rọ́ dé sítátà

Ọ̀nà tí iná ń gbà kò le: bátìrì, fíúùsì, kọ́kọ́rọ́, súìṣì bírékì, bọ́tìnnì, rìléè, ó di sítátà. Fíúùsì wà nítòsí bátìrì, 10 tàbí 15 ámpíà sì ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí fíúùsì tuntun bá tún jó lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe fi èyí tó lágbára jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì fi wáyà lásán dí i. Wáyà kan ti ń kan irin níbì kan, òun ni kí ẹ wá.

Súìṣì bírékì ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n ṣe sikútà bẹ́ẹ̀ kó má baà fò síwájú nígbà tó bá sítáàtì, nítorí náà bọ́tìnnì kò ní ṣiṣẹ́ àfi bí a bá di bírékì mú. Súìṣì náà kò tó orí àtàǹpàkò, inú ọwọ́ bírékì ló wà, erùpẹ̀ àti omi òjò sì ń wọlé sí i. Bí a bá fún bírékì tí iná ẹ̀yìn kò tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló bàjẹ́. Ẹ fún bírékì kejì wò, torí ọwọ́ méjèèjì ló sábà máa ń ní tirẹ̀. Àwọn sikútà kan tún ní súìṣì lẹ́nu sítáǹdì ẹ̀gbẹ́, tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ sítáàtì bí wọn kò bá ká sítáǹdì sókè.

Etí wúlò gan-an níbí yìí. Bí rìléè bá dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí ohunkóhun kò tẹ̀lé e, iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àmọ́ kò kọjá sí sítátà, tàbí kẹ̀ sítátà fúnra rẹ̀ ti kú. Bó bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́kẹ́ láìdúró, bátìrì ló rẹ̀. Bí kò bá dún rárá, iná kò tíì dé ọ̀dọ̀ rìléè, ẹ padà sí fíúùsì àti súìṣì bírékì. Bí sítátà bá sì ń pariwo fíìì tí ẹ́ńjìnnì kò mira, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná mọ́: jíà kékeré tó yẹ kó jáde lọ gbá ẹ́ńjìnnì mú ni kò jáde.

Láti mọ̀ bóyá rìléè ló lẹ́bi, àwọn rewáyà máa ń fi irin sukurudiráfà so nọ́ọ̀tì ńlá méjì tó wà lórí rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí sítátà bá yí, rìléè náà ni kí a pààrọ̀. Iná máa ń ta pàrà níbẹ̀, kí epo má ṣe wà nítòsí. Kí ọkọ̀ sì wà lórí sítáǹdì àárín, kí táyà ẹ̀yìn má kan ilẹ̀.

Ó ń yí, kò gbaná

A tú plọ́ọ̀gì, a tún fi bọ́ orí wáyà rẹ̀, a fi irin rẹ̀ kan ẹ́ńjìnnì jìnnà sí ihò tó ti jáde, a wá tẹ bọ́tìnnì. Iná aláwọ̀ búlúù tó ń ta ṣáṣá ni a ń wá. Bó bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kò lágbára. Plọ́ọ̀gì tí wọ́n sábà máa ń lò lára GY6 ni NGK C7HSA, àlàfo ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ 0.6 sí 0.7 mìlímítà. Àwọ̀ rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: bí ẹnu rẹ̀ bá rí bí awọ aláwọ̀ ilẹ̀, ó dára, dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù, tó bá tutù tó ń rùn bẹntiróò, epo ń dé ṣùgbọ́n iná kò jó o, tó bá gbẹ fúrúfúrú lẹ́yìn yíyí púpọ̀, epo kò dé rárá.

Bí iná kò bá ta, súìṣì ìpaná ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Lára àwọn GY6 tí CDI wọn ń gba iná nínú kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ súìṣì náà ni láti kan wáyà kan mọ́ bọ́dì kí ẹ́ńjìnnì lè kú. Wáyà dúdú onílà funfun ni ó sábà máa ń jẹ́. Bí ara rẹ̀ bá ti bó tó ń kan irin, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti pa ọkọ̀ náà nígbà gbogbo. Ẹ yọ ọ́ lára CDI. Bí iná bá padà, a ti mọ ibi tó wà. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa ẹ́ńjìnnì títí tí ẹ ó fi dá wáyà náà padà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́ìlì kékeré tó ń sọ fún CDI pé àkókò tó. Láàárín 100 sí 150 óòmù (ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà) ni ó sábà máa ń wà. Orí rọ́bà plọ́ọ̀gì tó ti sán máa ń gba omi sínú nígbà òjò, iná á sì bá ẹ̀gbẹ́ jáde. CDI ni ó yẹ kó kẹ́yìn, nítorí kò sí mítà tó lè yẹ inú rẹ̀ wò dáadáa. Fífi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀ ni ìdánwò tó wà. Irú CDI tó ń gba iná bátìrì tún wà, wọn kì í sì í lò ó ní ipò ara wọn. Bátìrì tó kú pátápátá kò ní jẹ́ kí ti bátìrì ṣiṣẹ́, bí èèyàn tilẹ̀ ta kíìkì títí.

Bí iná bá wà tí epo sì ń dé, tí ọkọ̀ kò tún fẹ́ gbaná láàárọ̀, ó lè jẹ́ ṣóòkì oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, tàbí fáàfù tó ti há. Àlàfo fáàfù GY6 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.1 mìlímítà nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù.

Vespa àtijọ́

Ọ̀pọ̀ Vespa àtijọ́ kò ní sítátà oníná rárá, kíìkì ni wọ́n fi ń ṣáná sí i. Dípò CDI, pọ́ǹtì (irin kékeré méjì tó ń pàdé tó sì ń yà kí plọ́ọ̀gì lè ta iná) àti kọ̀ǹdẹ́ńsà (tó ń dín iná tó ń ta lẹ́nu pọ́ǹtì kù) ni wọ́n ní lábẹ́ fláíwíìlì, irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí. Ẹnu pọ́ǹtì ń jó, àlàfo rẹ̀ tó yẹ kó wà láàárín 0.3 sí 0.5 mìlímítà á sì yí padà. Epo wọn tí a po pọ̀ mọ́ ọ́yìlì tún máa ń dí plọ́ọ̀gì kíákíá.

Bátìrì tó ń gbẹ

Bí bátìrì tuntun bá ń kú, ẹ wọn ín nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí a sì yí ọwọ́ epo rẹ̀ díẹ̀. Ó yẹ kó wà láàárín 13.5 sí 14.8 fólítì. Bó bá wà ní 12.5 tó ń já lọ, iná kò wọlé: ẹ wo kọ́ńẹ́kítọ̀ rẹgulétọ̀ (ohun tó ń ṣọ́ ìwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì) bóyá ó ti jó, lẹ́yìn náà kọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bó bá kọjá 15, rẹgulétọ̀ ti bàjẹ́. Bátìrì á máa hó, gílóòbù á sì máa jó léraléra. Bí gbígbà iná bá pé síbẹ̀ tí bátìrì ń gbẹ mọ́jú, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà nẹ́gétíìfù, kí ẹ fi mítà tí ẹ yí sí ámpíà sáàárín òun àti bátìrì. Ìwọ̀nba mìlíámpíà díẹ̀ ni ó yẹ kó hàn. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, láámù olè tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú sílẹ̀, kí ẹ tún wọn ín.