Wíwọ Ihò Kọ́ Ni Bíbára Mu: Yíyan Ẹ̀yà fún Kọ̀ǹpútà Géèmù Àkọ́tò

Èrò kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó ń gbèrò láti fọwọ́ ara wọn to kọ̀ǹpútà géèmù fún ìgbà àkọ́kọ́: pé ẹ̀yà yòówù tó bá ti wọ ihò tó ṣí sílẹ̀ fún un láìlo ipá, ó ti bára mu nìyẹn. Ìdajì òótọ́ ló wà nínú èrò yìí, ìdajì tó kù ló sì ń fi owó ṣòfò. Àwọn tó ṣe àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí mọ̀ pé ẹni tó ń kánjú yóò tẹ nǹkan mọ́ ibi tí kò yẹ, nítorí náà wọ́n fi ìrísí dí i lọ́nà níbi tí agbára wọn mọ. Àmọ́ àwọn ibì kan wà tí ìrísí bára mu, tí ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò bára mu rárá, ibẹ̀ ló sì yẹ kí olùrà ti fara balẹ̀ jù lọ.

RAM, ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ni àpẹẹrẹ ibi tí wọ́n ti ṣe é dáadáa. DDR4 àti DDR5, ìran RAM méjì tó tẹ̀ léra, gùn bákan náà, ojú irin 288 ló sì wà ní ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, débi pé ẹni tí kò bá fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lè má mọ ìyàtọ̀. Síbẹ̀, 1.2 volt ni DDR4 ń lò, 1.1 volt ni ti DDR5, ọ̀nà tí wọ́n sì ń gbà bá processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ṣiṣẹ́ yàtọ̀ síra. Ohun tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àdánù ni àlàfo kékeré tí wọ́n gé sí ìdí RAM, tí wọ́n sún díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀ nígbà tí DDR5 dé, tó fi jẹ́ pé DDR5 kò lè jókòó sínú ihò DDR4 àfi tí a bá fẹ́ ṣẹ́ ẹ. Àlàfo tí kò ju ìwọ̀nba mìlímítà lọ yìí ń ṣe iṣẹ́ tí ìwé ìtọ́ni tó nípọn kò lè ṣe, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ka ìwé ìtọ́ni.

Kò sí ìdí láti máa ṣàlàyé iṣẹ́ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan níhìn-ín. Ẹni tó ti ń ronú àtito kọ̀ǹpútà ti mọ̀ ọ́n. Èyí tó ṣe pàtàkì ni ohun tí a ń kọ́kọ́ yàn. Processor ló ń ṣíwájú, nítorí òun ló ń sọ irú sókẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tí òun ń jókòó sí, tí motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà ń so mọ́, gbọ́dọ̀ ní, motherboard ló sì ń sọ irú RAM tí a ó rà. Ẹni tó bá mú Ryzen 5 7600 ti yan sókẹ́ẹ̀tì AM5 tí AMD gbé jáde ní 2022, AM5 kò sì gba RAM mìíràn yàtọ̀ sí DDR5. Lọ́dọ̀ Intel, àwọn processor tó ń lo LGA 1700, tó jáde ní 2021, lè lo DDR4 tàbí DDR5, ṣùgbọ́n motherboard tí a bá rà ló ń pinnu èyí tí yóò jẹ́. Orúkọ motherboard méjì sì lè jọra tán, kó jẹ́ pé «D4» tí wọ́n kọ sí ìparí orúkọ ọ̀kan nìkan ni yóò sọ fún olùrà pé DDR4 ni tirẹ̀.

Nọ́ńbà sókẹ́ẹ̀tì gan-an lè tan ènìyàn jẹ. Ní 2015, Intel gbé LGA 1151 jáde fún processor ìran kẹfà, ìran keje náà sì lò ó. Nígbà tí ìran kẹjọ dé fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ní 2017, sókẹ́ẹ̀tì ṣì ń jẹ́ LGA 1151, ojú irin rẹ̀ ṣì jẹ́ 1151, processor tuntun sì ń jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́ sínú motherboard àtijọ́. Ṣùgbọ́n kò ní ṣiṣẹ́, nítorí pé motherboard tí chipset rẹ̀, ìyẹn ẹ̀yà tó ń darí àwọn ohun tó so mọ́ motherboard, wà ní ìsọ̀rí 300 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tó bá kó sí pàǹpẹ́ yìí kò jẹ̀bi. Ilé iṣẹ́ ló fi orúkọ kan pe nǹkan méjì, àwọn motherboard ìgbà náà sì ṣì wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀.

Bí sókẹ́ẹ̀tì bá tilẹ̀ tọ̀nà, BIOS wà láàárín. Òun ni ètò kékeré inú motherboard tó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, tó sì ń wo ẹni tó jókòó sínú sókẹ́ẹ̀tì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Alárinà ìgbéyàwó ni: ó gbọ́dọ̀ mọ ilé méjèèjì dáadáa kó tó lè mú wọn pàdé. Motherboard B650, tó ní sókẹ́ẹ̀tì AM5, tó kúrò nílé iṣẹ́ ní ìparí 2022 jẹ́ alárinà tó ti fi ìlú sílẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyàwó. Nígbà tí wọ́n bá mú processor Ryzen 9000 ti ọdún 2024 wá síwájú rẹ̀, yóò ní òun kò mọ ìdílé tó ti wá, bí ìyàwó tilẹ̀ wọ aṣọ tó yẹ, tó sì gba ẹnu ọ̀nà wọlé láìkọsẹ̀. Kò ní pariwo, kò sì ní lé e jáde. Fáànù yóò máa yí, móńítọ̀ yóò ṣókùnkùn, olùrà yóò sì máa rò pé wọ́n ta ọjà tó bà jẹ́ fún òun. Ohun tó kù ni kí a fi ìròyìn ìdílé tuntun náà ránṣẹ́ sí alárinà, ìyẹn ni pé kí a fi BIOS tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé lórí ọ̀pọ̀ motherboard, processor tí BIOS ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé kó tó lè gba ìròyìn náà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kò ní òmíràn nílé.

Àwọn motherboard kan ní bọ́tìnnì lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò USB, tí wọ́n ń pè ní BIOS Flashback. Ẹni tó bá kó BIOS tuntun sórí flash tí wọ́n ṣètò sí FAT32 (irú ètò ìtọ́jú fáìlì kan), tó fi í sí ihò USB tí wọ́n sàmì sí, tó sì tẹ bọ́tìnnì náà, lè tún BIOS ṣe láìsí processor rárá, bí iná bá ṣáà ti ń dé ara motherboard. Fún àkọ́tò, bọ́tìnnì yìí tọ́ sí owó tó lé lórí rẹ̀ ju àwọn iná aláràbarà tó ń tàn lára motherboard olówó ńlá lọ. Bí kò bá sí, kí a ṣí ojú ewé motherboard náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí a wá àkójọ processor tó gbà, kí a sì wo nọ́ńbà BIOS tí wọ́n kọ síwájú èyí tí a fẹ́ rà. Nọ́ńbà yẹn ni ìran BIOS tó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọjà tó ti pẹ́ nínú ilé ìtajà ṣáájú ìran náà kò ní mọ̀ ọ́n.

Power supply, ẹ̀yà tó ń pín iná fún gbogbo kọ̀ǹpútà, ni ọ̀pọ̀ àkọ́tò máa ń fi sí ìparí, tí wọ́n ń fi owó tó ṣẹ́ kù rà, bẹ́ẹ̀ òun ni ẹ̀yà tó lè pa àwọn yòókù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìṣirò wọ́ọ̀tì ló rọrùn jù níbẹ̀. Ihò PCI Express tí graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán sórí móńítọ̀, ń jókòó sí lè fún un ní wọ́ọ̀tì 75, wáyà olójú mẹ́fà ń fi 75 kún un, olójú mẹ́jọ ń fi 150 kún un. Graphics card RTX 4060 tó ń jẹ wọ́ọ̀tì 115 kò lè yó láti inú ihò nìkan. Bí a bá fi 88 tí Ryzen 5 7600 lè fà nígbà iṣẹ́ àṣekára kún un, pẹ̀lú nǹkan bíi 50 fún gbogbo èyí tó kù, àpapọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí 250. Power supply oní-550 tí NVIDIA dámọ̀ràn fún káàdì náà ti fi àyè sílẹ̀. Àwọn kan ń bẹ̀rù oní-750, wọ́n rò pé yóò máa fa 750 lórí jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀: òpin agbára rẹ̀ ni nọ́ńbà náà ń sọ. Ohun tí kọ̀ǹpútà bá béèrè ló ń fà, àti ìwọ̀nba tó ń sọnù bí ooru. Ìwọ̀nba tó ń sọnù yìí náà ni àmì 80 PLUS ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Kò ṣèlérí ohunkóhun nípa ààbò lọ́wọ́ iná tó ṣàdédé ga.

Wáyà rẹ̀ ni ibi tí ìrísí ti ń purọ́ jù lọ. Orí wáyà olójú mẹ́jọ méjì ló wà, ọ̀kan fún processor, èkejì fún graphics card, 12 volt inú ọ̀kan sì wà níbi tí ilẹ̀ (ground, ọ̀nà tí iná ń gbà padà) wà nínú èkejì. Wọ́n fi ìrísí dí èyí lọ́nà: igun àwọn ihò náà yàtọ̀, ẹni tó bá sì fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ti processor pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, ti káàdì pín sí mẹ́fà àti méjì. Ṣùgbọ́n lára power supply tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, wáyà kọ̀ọ̀kan ní orí méjì. Orí tó ń lọ sára motherboard, SSD (ibi tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú fáìlì sí) tàbí káàdì ní òfin tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé iṣẹ́ ń tẹ̀lé. Orí kejì, tó ń wọ ara power supply fúnra rẹ̀, kò ní òfin kankan: olúkúlùkù ń to iná inú rẹ̀ bó ṣe wù ú, ilé iṣẹ́ kan náà sì lè yí i padà láti orí ọjà kan sí òmíràn. Bí a bá yọ wáyà SATA, èyí tó ń gbé iná lọ bá SSD, lára power supply kan tí a fi sí òmíràn, ó lè wọlé, kó dún kẹ́ bó ti yẹ, kí 12 volt sì gba ojú ọ̀nà 5 volt lọ bá SSD. Lójú ẹsẹ̀ tí a bá tan iná ni SSD náà yóò kú, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀. Èyí kò ní àwáwí. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń sún àlàfo ìdí RAM mọ bí wọ́n ṣe lè yí orí wáyà padà pẹ̀lú. Wọn kò kà á sí ni, olùrà ló sì ń san gbèsè rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń ra power supply tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà gbọ́dọ̀ bá a gba wáyà tirẹ̀ gan-an, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá ṣáà wọ̀ ọ́. Irú ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló wà lára kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tí àwọn kan fẹ́ sọ di ti géèmù. Ọ̀pọ̀ Dell OptiPlex, irú 9020 bí àpẹẹrẹ, kò lo wáyà olójú 24 tí power supply ATX, irú tó wọ́pọ̀, ń gbé wá. Orí wáyà olójú mẹ́jọ ti ara rẹ̀ ló ń lò, nítorí náà pípààrọ̀ power supply rẹ̀ nílò wáyà tó ń so orí méjèèjì pọ̀ (adapter) ní àárín. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ nínú wọn tún ń béèrè graphics card tí kò ga (low-profile), tí kò jẹ ju wọ́ọ̀tì 75 lọ.

Àpótí kò le. Motherboard ATX jẹ́ mìlímítà 305 sí 244, micro-ATX 244 sí 244, mini-ITX 170 sí 170. Àpótí ńlá ń gba kékeré, kékeré kì í gba ńlá. Kí a wo gígùn graphics card àti gíga fáànù processor mọ́ ohun tí wọ́n kọ sára àpótí, ó parí.

SSD M.2, irú pẹlẹbẹ tó ń jókòó tààrà sórí motherboard, tún da ojú rú díẹ̀, nítorí pé ọ̀nà méjì ni SSD ń gbà bá motherboard sọ̀rọ̀: èyí tó ń lo ọ̀nà SATA àti èyí tó ń lo NVMe lè ní gígùn àti fífẹ̀ kan náà, kí ti SATA sì wọ ihò tí kò ní ọ̀nà SATA rárá. Yóò jókòó síbẹ̀, a ó dè é mọ́lẹ̀, Windows kò sì ní rí i. Lórí àwọn motherboard kan, bí a bá sì ti fi nǹkan sí ihò M.2 kan, ihò SATA kan tàbí méjì yóò pa, láìsí ìkìlọ̀ kankan yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé ìtọ́ni.

Irú àìbáramu kan ṣì wà tí kì í da nǹkan dúró. RAM DDR5 tí wọ́n kọ 6000 sí lára lè máa sáré ní 4800 lẹ́yìn tí a tò ó tán, nítorí pé 6000 náà ń dúró de ẹni tí yóò wọ inú BIOS lọ tan EXPO tàbí XMP, ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé ìyára tí wọ́n kọ sí i lára. Géèmù yóò ṣiṣẹ́, kò sí ohun tí yóò pariwo, olùrà yóò sì máa lo ọjà tó kéré sí èyí tó san owó rẹ̀. Task Manager nínú Windows, ní ìsàlẹ̀ Performance níbi tí wọ́n kọ Memory sí, ń fi ìyára tí RAM ń lò hàn; bí a bá rí 4800 níbẹ̀, inú BIOS ni àtúnṣe wà.