Èènì ni tàbí ẹ̀dínwó? Bí oníṣòwò kékeré ṣe lè dán ìpolówó rẹ̀ wò

Bí ọjà bá dákẹ́, ohun méjì ló sábà máa ń wá sọ́kàn aládìrẹ tí ó ń tajà ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta: kí ó dín owó kù, tàbí kí ó fi èènì sí i. Èyíkéyìí tí ó bá yàn, bí àwọn oníbàárà bá rà, yóò gbà pé òun ló mú wọn rà. Bí wọn kò bá rà, yóò ní ọjà kò yá lóṣù yìí. Kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni ọ̀kan nínú méjèèjì, nítorí pé kò ní ohun tí yóò fi wé e. Iṣẹ́ tí ìdánwò ìpolówó ń ṣe nìyẹn: a ó fi ohun tí ó yàtọ̀ síra lọ àwọn ènìyàn tí wọ́n jọra, ní àkókò kan náà, a ó sì ka èrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú wọlé.

Ọgbọ́n yìí ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1923, Claude Hopkins, ará Amẹ́ríkà tí ó fi kíkọ ìpolówó ṣe iṣẹ́ ṣe, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń fi pélébé kan tí òǹkàwé lè gé sínú ìpolówó ìwé ìròyìn, tí àmì ara ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀, tó fi jẹ́ pé bí pélébé náà bá ti padà dé, wọn yóò mọ ìpolówó tí ó mú un wá. Aládìrẹ òde òní lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe irú àmì bẹ́ẹ̀: kí ẹni tí ó gbọ́ ìpolówó lórí rédíò wí pé “ẹlẹ́kọ”, kí ẹni tí ó gba ìwé ìpolówó lójú ọjà wí pé “oníko”, kí wọ́n tó fún un ní èènì tirẹ̀. Bíbi oníbàárà pé “Níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?” kò tó, nítorí pé ohun tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni yóò fi dáhùn.

Pínpín àwọn oníbàárà ló gba ọgbọ́n jù. Bí aládìrẹ bá pín orúkọ tó wà lórí fóònù rẹ̀ ní a-b-d, ìdánwò náà ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí irú orúkọ tí àwọn oníṣòwò máa ń fi pa nọ́ńbà oníbàárà mọ́: gbogbo “Alhaja” àti “Aunty” á bọ́ sí apá kan, gbogbo “Mama” àti “Mummy” á bọ́ sí apá kejì, bẹ́ẹ̀ ìnáwó wọn kò dọ́gba. Bí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn wọ́n, apá tí ó ń fẹ́ kí ó borí ni yóò kó àwọn tí ó ń rà dáadáa sí láìmọ̀. Ohun tí ó rọrùn ni kí ó wo nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà fóònù oníbàárà kọ̀ọ̀kan: kí 1, 2 àti 3 jẹ́ ẹgbẹ́ kìíní, kí 4, 5 àti 6 jẹ́ ẹgbẹ́ kejì, kí 7, 8 àti 9 jẹ́ ẹgbẹ́ kẹta, kí ó sì fi àwọn 0 sílẹ̀. Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn yìí kò bá ọrọ̀ tàbí ìwà ẹnikẹ́ni tan. Ìdí kan náà ni Ronald Fisher, onímọ̀ ìṣirò tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ Rothamsted ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1919, fi tẹnu mọ́ ọn pé kèké ni kí wọ́n máa ṣẹ́ láti mọ abala oko tí yóò gba ajílẹ̀, kí ojú ẹni tí ó ń yàn má baà lọ síbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá.

Broadcast WhatsApp kan kì í gbà ju ènìyàn 256 lọ, kì í sì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá fi nọ́ńbà olùtajà pamọ́. Nítorí náà, àwọn tí iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ wọn nìkan ni kíkà.

Ká ní ènìyàn 100 ló wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ kìíní yóò rí àwòrán àdìrẹ àti iye rẹ̀ lásán, ₦10,000 fún yáàdì márùn-ún. Ẹgbẹ́ kejì yóò rí àwòrán kan náà pẹ̀lú ẹ̀dínwó ₦1,000. Ẹgbẹ́ kẹta yóò san ₦10,000, ṣùgbọ́n yóò gba síkáàfù kékeré tí a fi àgékù aṣọ rán, tí owó rírán rẹ̀ jẹ́ ₦600. Ẹgbẹ́ kìíní tí a kò fi ohunkóhun bẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ni òṣùwọ̀n. Bí aṣọ náà bá ná aládìrẹ ní ₦7,500, èrè orí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦2,500 ní ẹgbẹ́ kìíní, ₦1,500 ní ìkejì, ₦1,900 ní ìkẹta. Ká wá ní ènìyàn 11 rà ní ìkíní, 15 ní ìkejì, 14 ní ìkẹta. Ẹni tí ó bá ka orí lásán yóò ní ẹ̀dínwó ló borí. Èrè ẹ̀dínwó jẹ́ ₦22,500, ti èènì jẹ́ ₦26,600, ẹgbẹ́ tí a kò sì fún ní nǹkan kan mú ₦27,500 wá. Kí ẹ̀dínwó tó lè ju èyí lọ, ènìyàn 19 ló ní láti rà.

Ṣé 11 àti 15 tilẹ̀ yàtọ̀ síra? Bí a bá ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá (bí a bá ṣì rí kọ́bọ̀ jù), apá kan rẹ̀ yóò borí ní ìgbà 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú nǹkan bí ìdámẹ́ta gbogbo ìgbà tí a bá ṣe é, láìsí èrú kankan. Bí a bá jù ú nígbà 100, kí apá kan borí ní ìgbà 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò tó ẹ̀ẹ̀kan nínú 10,000. Oríire a máa jọ ìyàtọ̀ níbi tí iye bá kéré. Ìlànà kan wà tí fóònù lásán lè ṣírò, bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá dọ́gba: a ó ro iye àwọn tí ó rà pọ̀; a ó yọ èyí tó kéré kúrò nínú èyí tó pọ̀, a ó pín ohun tó ṣẹ́kù sí méjì, a ó sì fi ìdajì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí ohun tó jáde bá ju àròpọ̀ lọ, ó ṣòro kí ó jẹ́ oríire lásán. Àròpọ̀ 11 àti 15 jẹ́ 26; ìdajì ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2, 2 lọ́nà 2 sì jẹ́ 4, tí kò sún mọ́ 26 rárá. Ó di ìgbà tí ènìyàn 23 bá rà ní ẹgbẹ́ kejì kí ó tó ṣeé gbára lé, nítorí pé 6 lọ́nà 6 jẹ́ 36, àròpọ̀ sì jẹ́ 34. Ohun tí ó dájú ní tirẹ̀ ni ₦1,000 tí ó ti kúrò lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Iyẹn kò sí lọ́wọ́ oríire.

Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí oníṣòwò kékeré máa ṣe irú ìdánwò tí àwọn ńláńlá ń ṣe. Nígbà ìpolongo Obama fún ìbò 2008, wọ́n dán oríṣi 24 wò lójú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀, láàárín àwòrán, fídíò àti bọ́tìnnì. Fídíò kan ni àwọn òṣìṣẹ́ rò pé yóò borí, ṣùgbọ́n àwòrán ìdílé rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì “Learn More” ló ṣe é, tí àwọn tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fi kúrò ní 8.26 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n di 11.6. Ènìyàn 310,382 ló kópa, ìyẹn nǹkan bí 13,000 fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ kékeré sì lè hàn láàárín irú ogunlọ́gọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ní 100 kò gbọ́dọ̀ fi àkókò ṣòfò lórí àwọ̀ lẹ́tà. Ohun tí ó tóbi ni kí ó dán wò: iye owó, gbígbé ọjà délé lọ́fẹ̀ẹ́, àwòrán aṣọ tí a ká sílẹ̀ àti ti aṣọ tí ènìyàn wọ̀. Ó sì lè tún ìdánwò kan náà ṣe fún oṣù mẹ́ta, kí ó ro iye wọn pọ̀.

Ọjọ́ àti wákàtí kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ wọn. Bí a bá fi ẹ̀dínwó lọ ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ra aṣọ Ojúde Ọba, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí a sì wá fi èènì lọ wọ́n lẹ́yìn tí owó ọdún ti tán, ọdún ni a dán wò. Àwọn oníbàárà a sì tún máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ kìíní bá pè pé òun gbọ́ pé wọ́n dín owó kù fún aládùúgbò òun, kí aládìrẹ dín in kù fún un láìjanpata, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí ó ń kọ ọ́ sí, ẹgbẹ́ kìíní náà ni kí ó kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ₦1,500 níwájú orúkọ rẹ̀.