Kí ẹ tó gé òkúta orí káńtà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ní kíṣìnì, ìtẹ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́ kí wọ́n tó mọ eku. Ilé ṣì wà lórí iṣẹ́ tí wọ́n á ti ní kí wọ́n gé ihò sórí káńtà, gáàsì tí wọ́n fẹ́ gbé síbẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Tí wọ́n bá wá rà á dé, ihò á kéré, tàbí kó fẹ̀ débi pé gáàsì fẹ́ já sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń pè mí.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí n'Ìbàdàn. Ohun tí mo máa ń sọ fún oníbàárà tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ pààrọ̀ gáàsì orí káńtà ni pé kó má bẹ̀rù sípánà, téèpù ìwọ̀n ni kó bẹ̀rù. Gáàsì olójú mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kì í ṣe ihò 60 ló ń wọ̀. Etí rẹ̀ tó hàn lókè ló jẹ́ 60. Ikùn rẹ̀ sábà máa ń wọ ihò tó fẹ̀ tó 56, tó sì jẹ́ 48 tàbí 49 láti iwájú dé ẹ̀yìn. Olójú márùn-ún, èyí tó fẹ̀ tó 90, yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn débi pé mi ò ní dá nọ́ńbà kankan fún yín. Ẹ ṣí páálí, ẹ ka ìwé inú rẹ̀, kí ẹ sì tún fi téèpù wọn ikùn gáàsì náà fúnra yín. Mo ti bá ìwé tí kì í ṣe ti gáàsì tó wà nínú páálí pàdé rí.

Tí ihò àtijọ́ bá fi díẹ̀ kéré, ó ṣeé fẹ̀. Tó bá tóbi jù, ẹ lọ wá gáàsì mìíràn. Òkúta kì í hù padà.

Ní ti òkúta, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró, mo fi gíráńdà gé gíránáìtì màmá kan ní Bódìjà. Mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣánṣán bí ẹni gé páálí. Ó dùn ún wò. A gbé gáàsì sí i, mo gbowó mi, mo lọ. Kò pé oṣù kan tí màmá fi pè mí. Ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun orí ti jáde láti igun ọwọ́ ọ̀tún, ó ti rìn dé etí káńtà níwájú, níbi tí òkúta náà ti ṣẹ́kù díẹ̀ jù. Ooru ojoojúmọ́ àti igun tó mú bí abẹ ló fà á. Èmi ni mo ra òkúta mìíràn. Láti ọjọ́ náà, dírílì ni mo fi ń kọ́kọ́ lu ihò róbótó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí n tó fi gíráńdà gé láti ihò kan dé èkejì. Igun tó bá rí róbótó kì í tètè la. Ẹ bo imú àti ẹnu dáadáa o, eruku òkúta kì í ṣe eruku ilẹ̀ lásán, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà.

Káńtà onípákó kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà fi sílíkọ́ọ̀nù kun etí tí ẹ gé kí omi má baà mú pákó wú.

Ibòmíràn tí mo ti máa ń rí ìbànújẹ́ ni nọ́súlù, irin kékeré oníhò tó wà lábẹ́ ojú iná. Gáàsì tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ lọ́jà, ó sì máa ń dára. Ṣùgbọ́n gáàsì tó ń gba inú páìpù wọlé wọn lọ́hùn-ún kì í ṣe irú èyí tí à ń rù nínú sìlíńdà. Tiwọn kò lágbára tó tiwa, nítorí náà ihò nọ́súlù wọn tóbi. Tí ẹ bá so sìlíńdà mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, iná á ga, á pọ́n, ìdí ìkòkò á dúdú bí ẹni pé igi lẹ fi ń dáná. Ẹ ṣí ojú iná, ẹ ó rí nọ́ńbà bíńtín lára nọ́súlù: 115 túmọ̀ sí ihò 1.15 mílímítà. Ti sìlíńdà máa ń kéré sí i, bíi 50 sí ojú kékeré, 65 sí ti àárín, 85 sí ńlá. Sípánà sọ́kẹ́ẹ̀tì 7 mílímítà ló sábà máa ń tú u. Bí gáàsì bá jẹ́ tuntun, ẹ wo ìsàlẹ̀ páálí kí ẹ tó sọ ọ́ nù, torí wọ́n lè ti di nọ́súlù mìíràn sínú ọ̀rá kékeré síbẹ̀.

Kí ẹ tó tú gáàsì àtijọ́ kúrò, ẹ ti sìlíńdà pa, kí ẹ jẹ́ kí èyí tó kù nínú họ́ọ̀sì jó tán. Họ́ọ̀sì gáàsì ni kí ẹ rà, kì í ṣe rọ́bà omi; kílíìpù onísúkúrù ni kí ẹ fi dè é, kí ó má sì gba ẹ̀yìn ófùn. Níbi tí wọ́ṣà, òrùka pẹlẹbẹ kékeré, bá wà lábẹ́ gáàsì, wọ́ṣà náà ló ń dí ojú ibẹ̀, kì í ṣe téèpù funfun púlọ́ńbà. Mo ti bá ibi tí wọ́n ti wé téèpù náà bí ìró, tó ṣì ń jò.

Gáàsì sìlíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Tó bá jò, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ bí omi, kò ní gba ojú fèrèsé tó ga jáde. Ìdí nìyí tí mo fi ń gbé sìlíńdà síta, jìnnà sí gọ́tà. Tí kò bá sí ọ̀nà àbáyọ, tó jẹ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa wà, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lu ihò atẹ́gùn sí.

Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi títí yóò fi hó, ẹ ṣí sìlíńdà, ẹ má ṣí ojú iná kankan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun gbogbo oríkèé. Níbi tí ìfóòfó ọṣẹ bá ti ń wú, ibẹ̀ ló ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é.

Ófùn oníná ńkọ́? Ẹ wo iye wáàtì tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò kò gbọdọ̀ gbé ju 13 áńpù lọ, nǹkan bí 3,000 wáàtì nìyẹn. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, oníná ni kí ó fa wáyà tirẹ̀ láti ara bíréékà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ gáàsì ní òfin tirẹ̀ lọ́dọ̀ yín: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà ní Gas Safe Register, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà láyè láti ṣe iṣẹ́ gáàsì, tó rọ́pò ti àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CORGI lọ́dún 2009, ni kí ẹ pè.

Bí iná bá tàn tó sì kú ní kété tí ẹ yọwọ́, ẹ má tíì pè mí. Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú iná tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó jẹ́ kí gáàsì máa bọ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tan iná mọ́lẹ̀, ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá, kí ẹ tó yọwọ́. Ọ̀pọ̀ ìpè tí mò ń gbà lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ ló ń parí sí.