Gígé kọ́ ni pípa: bí a ṣe ń ká iyùn rírọ̀ tó ń ràn mọ́ nínú táǹkì

Iyùn tí ojú Yorùbá mọ̀ jù ni èyí tó ń pọ́n lọ́rùn ọba àti lọ́rùn ìyàwó, èyí tó ń hù nínú òkun Mẹditaréníà. Ó le bí òkúta, ó sì ń fi sùúrù dàgbà: ẹ̀ka rẹ̀ kì í fi odidi mílímítà kan sanra sí i láàárín ọdún kan. Ẹbí rẹ̀ ni green star polyps, tí àwọn tó ń sin iyùn nínú táǹkì gíláàsì nílé ń pè ní GSP. Ọwọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni pólíìpù àwọn méjèèjì ní (pólíìpù ni ẹnu kéékèèké bí òdòdó tí iyùn fi ń jẹun), agboolé kan náà sì ni wọ́n ti wá. Ìwà wọn ni kò jọra. GSP rọ̀, kò ní eegun líle bíi ti iyùn ọba, tí ara bá sì ti tù ú, oṣù díẹ̀ ló fi ń bo òkúta mọ́lẹ̀. Á gun iyùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn á sì kú sábẹ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń po omi iyọ̀ àti bí a ṣe ń yan iná, ẹni tó bá ti ní táǹkì ti mọ̀ ọ́n. Èrò kan ló yẹ ká dúró lé, torí ó ti ba ọ̀pọ̀ táǹkì jẹ́: pé tí a bá ti gé GSP, ó kú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gígé gan-an ni àwọn tó ń tà á fi ń sọ ọ́ di púpọ̀. Wọ́n á gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, wọ́n á fi gúlúù lẹ ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta kékeré, ó di ọjà.

Tí iná bá tàn, ohun tí ojú ń rí ni ìràwọ̀ aláwọ̀ ewé lọ rẹrẹ, tó ń fì nínú omi. Fi ìka kàn án. Kí ojú tó ṣẹ́, gbogbo wọn ti wọlé, ó ku ẹní elésè àlùkò kan tó yi bí awọ, tó ní kókó kéékèèké lórí. Ẹní yẹn ni ẹranko náà. Àwọn ihò tóóró wà nínú rẹ̀ tó so ikùn pólíìpù kan mọ́ ti èkejì. Ewédò tíntìntín tó ń gbé nínú ara rẹ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, oúnjẹ ń gba inú ihò wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ etí tó ń wá ilẹ̀ tuntun kiri. Pólíìpù tó bọ́ sí òkùnkùn kò ní tètè kú, torí ará ilé ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá rẹ́ ìràwọ̀ kúrò, ọ̀ṣọ́ ló rẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni, kódà fún ẹni tó ń bá a jà.

Àgbẹ̀ tó ti bá ẹ̀kan ja ìjà mọ irú nǹkan yìí. Ẹni tó bá fi ọkọ́ gé gbòǹgbò funfun ẹ̀kan sí mẹ́wàá nínú ebè, ẹ̀kan mẹ́wàá ló gbìn, tó bá sì dé ìgbà tí wọ́n ń wa iṣu, á bá a tó ti gún iṣu wọnú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kan kò lè fara da òjìji. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kan ní gúúsù Orílẹ̀-èdè Benin fi ń gbin irú wèrèpè kan tí kì í yúni, tó ń fà bo ẹ̀kan, kí ilẹ̀ lè padà di ti àgbàdo. Wọn kò bá gbòǹgbò jà rárá, oòrùn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

A lè gba iná lọ́wọ́ GSP náà. Ká fi ike dúdú bò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí ká dojú òkúta rẹ̀ délẹ̀. Bíbò náà gbọ́dọ̀ kárí o. Etí kan tó bá yọ síbi ìmọ́lẹ̀ á máa bọ́ àwọn tó kù. Èyí tó bá sì kú, ká tètè kó o kúrò kó tó rà sínú omi.

Lára gíláàsì, iṣẹ́ rọrùn: ká ki abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bọ abẹ́ etí rẹ̀, ká máa tì í, á ṣí bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Òkúta ni wàhálà, torí ó kún fún ihò, ẹran ara tó bá sì ṣẹ́kù sínú ihò kan á tún tẹ́ ẹní míì. Inú korobá omi iyọ̀ ló yẹ ká ti ṣe é, kí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ rẹ̀ má bá omi táǹkì lọ. Ká fi ẹ̀mú fà á, ká fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á, ká wá po kalkwasser, ìyẹn ìyẹ̀fun calcium hydroxide, ki bí ẹ̀kọ, ká fi dí ihò. pH rẹ̀ lé ní 12, ti omi táǹkì kò ju nǹkan bí 8.2 lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń jó ẹran ara náà. Díẹ̀ ni ká lò. GSP tí a gé tún máa ń tú oró sómi, kí èédú wà nínú fílítà lọ́jọ́ náà.

Àwọn kan ní ká fi ebi pa á, ká fa náítírétì àti fọ́sífétì omi wálẹ̀ dé òdo. Iyùn líle tí a fẹ́ gbà là ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣàìsàn.

Ọ̀nà tó dára jù kò ní abẹ nínú: erékùṣù. Kí GSP dá dúró lórí òkúta tirẹ̀ láàárín iyanrìn, kí àyè tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ wà yí i ká. Iyanrìn tó ń yí kì í jẹ́ kó rí ibi dì mú dáadáa. Nígbàkigbà tí a bá ń pààrọ̀ omi, ká wo ìsàlẹ̀ òkúta náà, ká ṣí etí tó bá ti ń nà sílẹ̀ kúrò. Ó yẹ kí àwọn tó ń tà á máa sọ èyí fún oníbàárà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Èyí tí a bá ṣí kúrò, inú oòrùn ni ká sá a sí títí yóò fi gbẹ pátápátá, ká tó dà á sí ààtàn. Kò gbọdọ̀ dé òkun. Ní Mochima, lórílẹ̀-èdè Venezuela, iyùn rírọ̀ kan tó ń jẹ́ Unomia stolonifera, tó jẹ́ ará òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ti tẹ́ ẹní tirẹ̀ bo àwọn iyùn ìbílẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ta iyùn táǹkì ni a gbà pé ó ti bọ́ sómi níbẹ̀.