Bí ìmọ́lẹ̀ léésà ṣe ń ṣiṣẹ́ fún irun tó ń já

Gbòǹgbò irun kọ̀ọ̀kan ní àsìkò iṣẹ́ àti àsìkò ìsinmi. Ó lè fi ọdún 2 sí 6 hu irun, kó tó sinmi fún nǹkan bí oṣù 3, kí irun ọ̀hún sì já. Lára ẹni tó jogún orí pípá, àsìkò iṣẹ́ yìí á máa kúrú, irun á máa tín-ín-rín sí i. Gbòǹgbò náà ṣì wà láàyè. Òun gan-an ni ìmọ́lẹ̀ léésà ń bá ṣiṣẹ́.

Ní 1967, dókítà ará Hungary kan, Endre Mester, tan léésà sára èkúté tó ti fá lára, ó sì rí i pé irun ibẹ̀ tètè hù. Ìmọ́lẹ̀ pupa, tí ìgùn ìgbì rẹ̀ tó nǹkan bí nanómítà 630 sí 670, ló wọ́pọ̀ lónìí. Kì í jó awọ. Ó ń wọlé dé mitochondria, níbi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára rẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé èròjà cytochrome c oxidase ló ń gbà á mọ́ra níbẹ̀, tí agbára sẹ́ẹ̀lì fi ń pọ̀ sí i, tí gbòǹgbò tó ń sinmi sì ń padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn, fàyè gba òòyà oníléésà HairMax fún ọkùnrin ní 2007, fún obìnrin ní 2011. Àmọ́ awọ Fitzpatrick I sí IV (ìwọ̀n tó pín awọ láti orí èyí tó funfun jù, I, dé èyí tó dúdú jù, VI) ni wọ́n fàyè gbà á fún. Awọ dúdú bíi ti ọ̀pọ̀ wa wà ní V àti VI. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á n'Íbàdàn sọ èyí fún oníbàárà kó tó gbowó.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni iwájú orí àti ẹ̀bátí obìnrin tó ń ṣí, èyí tí a máa ń rí ní Mọ́kọ́lá, Bódìjà àti káàkiri. Dídì tó le ló sábà ń fà á: ṣùkú tí wọ́n fà títí orí fi ń ro onítọ̀hún, tàbí wífọ́ọ̀nù tó wúwo lórí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rìláásà sí. Bó bá ṣì tuntun, kí onídìrí dẹwọ́, irun lè padà láìsí léésà. Bó bá ti pẹ́ tí àpá ti dí ihò irun, tí awọ ń dán, ìmọ́lẹ̀ kò rí gbòǹgbò kankan jí. Dókítà awọ ara, bíi ti UCH, ló lè yẹ orí wò kó mọ èyí tó jẹ́.

Ẹni tó bá yẹ fún á máa lò ó ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún oṣù 4 sí 6, kó tó rí ìyàtọ̀. Wíìgì gbọ́dọ̀ kúrò lórí, kí wọ́n sì ya irun kí ìmọ́lẹ̀ lè kan awọ. A kì í wojú léésà. Ẹni tó ń lo oògùn bíi doxycycline, tó ń mú kí ìmọ́lẹ̀ tètè pa awọ lára, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi dókítà. Tí wọ́n bá sì dá a dúró, irun á tún bẹ̀rẹ̀ sí í já.