Bí Ẹ Bá Ti Béèrè, Ẹ Dákẹ́

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù kí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó máa ń bá wa yípo tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Dókítà, ẹ má bínú o. Mo ka ìbéèrè yín láàárọ̀ yìí. Mọ́kànlá lẹ bi àwọn ọmọ yìí, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì dáhùn mẹ́sàn-án nínú ẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ lọ́jọ́ kejì mo ń ṣọ́ ẹnu ara mi, mo sì rí i pé obìnrin náà kò parọ́ mọ́ mi. Màá béèrè, gbogbo wọn á dákẹ́, ara mi ò ní gbà á, ni màá bá já ìdáhùn sílẹ̀ fún wọn.

Àìsàn olùkọ́ ni, kò mọ ní ọsibítù. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, tẹ́tí sí bí àwọn olùkọ́ ṣe ń béèrè ìbéèrè nínú kíláàsì, ó sì rí i pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 1 péré ni wọ́n ń dúró kí wọ́n tó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n mú sùúrù dé ìṣẹ́jú àáyá 3, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í lanu tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí ọ̀rọ̀. Mẹ́ta kò tó nǹkan létí. Ẹ wá dúró síwájú aláìsàn pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún tó ń wo ilẹ̀, ẹ ó mọ̀ bó ṣe gùn tó. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé màá ki ọwọ́ bọ àpò kóòtù mi, màá fi àtàǹpàkò tẹ ìka mẹ́ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó tẹ ẹ̀kẹta, mi ò ní lanu.

Àmọ́ ìbéèrè wo la fẹ́ dákẹ́ dè? Tó bá jẹ́ orúkọ iṣan tàbí ìwọ̀n oògùn nìkan lẹ ń bi ọmọ, fóònù tó wà lápò ẹ̀ mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ohun tí fóònù ò lè sọ fún yín ni bí ọmọ náà ṣe ń ro nǹkan.

Bàbá àgbàlagbà kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní, "Kí lo rò pé ó ń ṣe bàbá?"

"Ọkàn ni, sà. Kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara dáadáa mọ́."

"Kí lo rí tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó dákẹ́. Mo ń tẹ ìka. "Wọ́n ní àwọn ò lè sùn gbalaja mọ́, ìrọ̀rí mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé orí. Tí wọ́n bá gun àtẹ̀gùn, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Mo sì fi ìka tẹ ẹsẹ̀ wọn, ojú ibẹ̀ jìn wọlé, kò tètè padà."

"Ó dáa. Ká ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú ńkọ́?"

"Há! Ẹ̀jẹ̀ dídì ni màá kọ́kọ́ bẹ̀rù, sà."

"Ká ní méjèèjì ló wú, àmọ́ tí wọ́n ń sùn dáadáa?"

"Màá yẹ ìtọ̀ wọn wò, bóyá kíndìnrín ni. Màá wo ẹ̀dọ̀ náà."

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mi ò tíì kọ́ ọmọ yìí ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo ti mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ dé. Lọ́dún 1992, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà to irú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ yìí sí ìgbésẹ̀ 5: kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èrò tirẹ̀, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí olùkọ́ wá fi ìlànà kan tó kan gbogbo irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ kún un, kí ó sọ ohun tí ọmọ ṣe dáadáa, kí ó tún ibi tó ti ṣìṣe ṣe. Lójú tèmi, méjì àkọ́kọ́ yẹn niṣẹ́ náà gan-an, àwọn náà sì ni ọ̀pọ̀ wa ń fò kọjá. Ẹni tó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọkàn ni, á fẹ́ mọ̀ bóyá òun gbà á. Ẹni tí kò sọ nǹkan kan á kàn máa kọ ọ́ sínú ìwé ni.

"Ṣé ó yé yín?" kì í ṣe ìbéèrè. Kò sẹ́ni tó máa ní kò yé òun. Èyí tí mo kórìíra jù ni ìbéèrè tó dà bí àlọ́, tí olùkọ́ ń fẹ́ kí ọmọ méfò ohun tó wà nínú ikùn òun, tó sì ń mi orí títí ẹnì kan á fi ṣèèṣì bá a. Bákan náà, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dárúkọ ẹnì kan kẹ́ ẹ tó béèrè, àwọn yòókù ti sinmi nìyẹn. Ẹ béèrè ná, ẹ dúró, kẹ́ ẹ tó wá pe orúkọ. Ọmọ tó kéré jù ni kó kọ́kọ́ sọ tiẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀, àbúrò á ní ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ náà lòun fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo wà lákẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ kan dá mi dúró níwájú aláìsàn, ó ń da ìbéèrè bò mí títí ẹnu mi fi wọ. Mo ṣì rántí bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìbéèrè tó bi mí, mi ò rántí ọ̀kan. Ohun tí mo kọ́ ni bí wọ́n ṣe ń fi àìmọ̀ pa mọ́, ẹ̀kọ́ yẹn sì léwu lọ́wọ́ ẹni tó máa fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lọ́la.

Èyí kò ní kẹ́ ẹ máa bá ọmọ ṣeré o. Tó bá ní òun ò mọ̀, ẹ bi í pé kí ló mọ̀ nípa ohun tó sún mọ́ ọn. Tó bá gbà á, ẹ ṣì bi í pé báwo ló ṣe débẹ̀, torí tó bá jẹ́ ìgbà tó bá ṣìnà nìkan lẹ ń bi í, kò ní pẹ́ tó fi máa mọ̀ pé "báwo lo ṣe débẹ̀?" túmọ̀ sí "o kùnà." Tí ọkàn aláìsàn bá dáwọ́ dúró, ìyẹn kì í ṣe àsìkò ìbéèrè, ẹ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá jókòó béèrè tó bá yá. Kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ aláìsàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Tí ọmọ bá fẹ́ to àwọn àrùn tó ṣeé ṣe lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ. Tí aláìsàn bá ti gbọ́ jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, kò tún ní gbọ́ òmíràn mọ́.

Lọ́jọ́ ti bàbá yẹn, ìbéèrè kan ló kù lọ́wọ́ mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tó wọ́pọ̀, amlodipine, tó máa ń mú kí ẹsẹ̀ àwọn kan wú. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Mo ní, "Kí ló kù tá ò tíì bi bàbá?" Mo tẹ ìka mẹ́ta, mo tẹ ìkẹrin. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ara wọn. Bàbá ló dáhùn látorí bẹ́ẹ̀dì: "Oògùn tí mò ń lò ni. Mo ti ń dúró de ẹni tó máa bi mí látàárọ̀."