Ọ̀fìnkìn oṣù kẹrin yẹn, kì í ṣe ọ̀fìnkìn o

Tí oṣù kẹrin bá ti wọlé báyìí, mo ti mọ ohun tí mo máa gbọ́ ní kántà fámásì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù níbí. Lọ́dún tó kọjá, màmá kan wọlé, ó ti fi àbóníkí ra imú títí tó fi ń dán, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹni tó gé àlùbọ́sà, ó ní "Dókítà, ọmọ mi, ọ̀fìnkìn yìí ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bá mi wá ampiclox díẹ̀." Mo ní Mà, ṣé ara yín ń gbóná? Ó ní rárá. Ṣé ojú ń yún yín? "Háà, ó ń yún mi dé àjà ẹnu!" Àjà ẹnu yẹn ti sọ gbogbo ẹ̀ fún mi.

Hay fever ni, ìyẹn kí ara máa bá eruku igi àti koríko jà. Ọ̀fìnkìn gidi á ti máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ikun ẹ̀ sì máa ń ki tó bá yá, ṣùgbọ́n ti hay fever, imú á kàn máa ṣomi bí ẹ̀rọ tí wọn ò tì dáadáa, èèyàn á máa sín léraléra, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì lè kọjá kó má tíì lọ. Antibiotic bí ampiclox ò rí nǹkan kan ṣe sí i, àtèyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti ilé o.

Pollen ló ń fà á, eruku kíkúná tí igi àti koríko ń tú sínú afẹ́fẹ́. Òdòdó rèǹtèrente tí ẹ ń ya fọ́tò lábẹ́ ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ mọwọ́ mẹsẹ̀, oyin ló ń bá a gbé tiẹ̀ kiri. Igi tẹ́nìkan ò wò lẹ́ẹ̀mejì ló ń ṣe wá báyìí, birch láti ìparí oṣù kẹta, àti igi plane tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, nígbà tí wọ́n bá sì fi máa ṣe tán, koríko á gbà á lọ́wọ́ wọn títí dé oṣù keje.

"Ṣùgbọ́n mo ti wà níbí láti 2019, kò ṣe mí rí!" Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tèmi. Ara kì í bá nǹkan tí kò tíì mọ̀ jà, ó lè tó ọdún méjì mẹ́ta kó tó dá pollen ibí mọ̀. Kì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ní ti òògùn, cetirizine tàbí loratadine lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Piriton, òògùn hay fever àtijọ́, máa ń kunni lóorun, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa bọ́ọ̀sì, ẹ má sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bi wá kẹ́ ẹ tó ra òògùn tó ń la imú.

Ọ̀rọ̀ spray imú, èyí tó ní steroid, kì í ṣe èyí tó ń la imú, ló ń dùn mí jù. Wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́, mo ní ó dáa, ẹ ṣe é kí n rí, wọ́n á gbórí sẹ́yìn, wọ́n á fà á símú fììn bí ẹni ń fín áṣáà! Ọ̀nà ọ̀fun ló gbà lọ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ fun imú, ẹ tẹrí ba díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún fún ihò òsì, ọwọ́ òsì fún ti ọ̀tún, kẹ́ ẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sí ọ̀nà etí, má jẹ̀ẹ́ kó kan ògiri àárín imú torí ẹ̀jẹ̀ lè yọ, ẹ wá rọra mí sínú. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò lọ́nà ọ̀fun, ẹ ti fà á jù. Ojoojúmọ́ ni o, kì í ṣe ọjọ́ tó bá ń yọ yín lẹ́nu nìkan, ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti mú un.

Vaseline yín wúlò, ẹ fi yí etí ihò imú ká kẹ́ ẹ tó jáde, pollen á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má sá aṣọ síta. Irun dídì máa ń kó o délé, nítorí náà ẹ dé bonnet kẹ́ ẹ tó fi orí lé ìrọ̀rí.

Oòrùn tó yọ yìí náà, kò ní kí ẹ kó vitamin D pamọ́. Awọ dúdú máa ń pẹ́ kó tó rí i ṣe lára oòrùn ibí, 10 micrograms lójúmọ́, yípo ọdún.

Ẹni tó ní asthma kó má fojú di pollen. Tí àyà bá ń fún un tàbí tó ń súfèé lóru, tó ń lo inhaler búlúù, èyí tó ń tu èémí lára, ju bó ṣe ń ṣe lọ, kó lọ rí GP, dókítà àdúgbò ẹ̀. Tí kò bá lè parí gbólóhùn kan kó tó mí, ẹ pe 999 fún ambulance, ẹ má wá sọ́dọ̀ wa rárá.